Àpótí Ológò àti Omi Àmù

Bí ọ̀tá bá gbé idà, èèyàn á sá. Bí ó bá yọ àdá, èèyàn á ké. Bí ó bá wá kúnlẹ̀, tó gbé omi tútù fún ni ńkọ́? Ọba tí kì í sùn, má jẹ́ kí a pàdé ọ̀tá tó ń fún ni lómi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí oòrùn ń gun àtàrí lọ, Ròkíátù kàn rí ara rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì rẹ̀ ní Mówè ni. Kò mọ ọkọ̀ tó gbé e dé. Kò rántí ẹni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku pupa bo bàtà rẹ̀, adùn omi kan sì wà ní gbòǹgbò ahọ́n rẹ̀ tí kò fẹ́ lọ.

Hàfísátù ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Opó ni Hàfísátù, ọmọ Ifọ̀, tó ń pọnmi fún àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń wá jókòó síbẹ̀ láràárọ̀. Yóò kí Ròkíátù, yóò wò ó lójú pẹ́, yóò sì dákẹ́. Ròkíátù gbà pé ìfẹ́ ló ń gbé e wá. Opó ló mọ ohun tó ń ṣe opó.

“Ìyá Toyyibah, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ó san án?”

“Ta ló san kí ni?”

Hàfísátù dìde. “Ẹnjiníà Adébánjí kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀ pé kó di ogun, kó di ọ̀tẹ̀, lónìí lẹ máa gba owó yín bọ̀ láti Ìbàfò.”

Ròkíátù ṣí báàgì rẹ̀ wàrà. Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwé rìsíìtì kan ló wà níbẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́: kí wọ́n kó àádọ́ta àpò sìmẹ́ńtì sí i fún Ẹnjiníà Adébánjí, yóò san án pa pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ó wó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì kan tó ti ya. “Mo gbé! Ó tún ti ṣe é! Mo lọ gba gbèsè, mo tún lọ tà láwìn bọ̀!”

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àpò ni ọkùnrin náà ti kó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà géérégé. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ròkíátù lọ, ẹ̀rín ló rín bọ̀. Nígbà kejì, ó bá onígbèsè ṣàdúrà kí iṣẹ́ rẹ̀ máa gbòòrò. Nígbà kẹta, ó yá a lówó ọkọ̀. Bí ó bá ń lọ lọ́nà, owó náà á máa ta á lẹ́nu bí iyọ̀. Bí ó bá wọ ilé náà, tó mu omi tán, ohun gbogbo á pòórá.

Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni, ì bá fi fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwìn lòun náà fi gba sìmẹ́ńtì yẹn lọ́wọ́ Àlàájì Mùsáfírù, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Ìbàfò. Ìwé ilẹ̀ tí Sàlísù ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló fi dúró. Pulọ́ọ̀tì méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ilé yàrá mẹ́rin ti ga dé ojú fèrèsé lórí rẹ̀. Sàlísù kọ orúkọ òun àti ti ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé náà ní pípé pérépéré, kí ẹnikẹ́ni má baà lé e jáde lọ́jọ́ iwájú. Toyyibah àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní ibòmíràn láyé. Àdéhùn sì ni pé bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́sẹ̀ yìí tí owó kò pé, ilẹ̀ di ti Àlàájì. Àlàájì yìí kan náà ló mú Adébánjí wá fún un. “Èèyàn mi ni,” ló wí nígbà yẹn. “Tà fún un. Ojú mi ni kí o fi wò ó.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ròkíátù fa ìwé àádọ́ta àpò náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí wọn ò tíì kó o.

“Ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe ojú lásán,” Hàfísátù wí. “Ìyá tó bí ìyá mi wà ní Ifọ̀. Ológò ni bàbá wọn láyé àtijọ́.”

“Kí ló ń jẹ́ ológò?”

“Àwọn tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Wọ́n á gbé àpótí ìjókòó síwájú ilé ẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọn ò ní í dìde títí owó á fi jáde. Àpótí bàbá náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.” Ó wo Ròkíátù lójú, ó pẹ́ bí ó ṣe máa ń pẹ́. “Ṣé ẹ lè jókòó lé e, Ìyá Toyyibah? Kò sí nǹkan tí ẹ fi pa mọ́?”

“Orí iná ni mo jókòó lé báyìí. Kí ni àpótí máa fi mí ṣe?”

*

Ohun tí Ròkíátù kò rí nìyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Ìbàfò, Adébánjí ti ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀. Fíríìjì rẹ̀ ga ju òun gan-an lọ, ṣùgbọ́n inú àmù kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ti ń bu omi fún àwọn tó bá jẹ lówó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan dúdú kan tí wọ́n fi òwú funfun wé wà nísàlẹ̀ omi náà. Kò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ béèrè. Wọ́n ní kó kàn máa pe oríkì obìnrin náà sí i nígbà méje.

“Àṣàkẹ́,” ló pè. “Àṣàkẹ́.”

Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀keje, omi náà hó bí omi tó wà lórí iná. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Adébánjí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sáré dé ìdérí padà. Ohun kan ti ń bà á lẹ́rù láti àárọ̀: ó pe àkọ́bí rẹ̀ ní orúkọ mẹ́ta kó tó rí tirẹ̀ gan-an pè.

*

Mọ́tò mẹ́ta ni Ròkíátù àti Hàfísátù wọ̀ ní Ọjọ́rú kí wọ́n tó dé Ifọ̀. Ròkíátù ń fa tẹ̀súbáà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í ṣa igi tí yóò dì mú.

Ìyá àgbà Ọ̀ṣuntóyìn ń gbé ilé alámọ̀ kan lẹ́yìn ojú irin. Ọ̀sán ló wà níta, ṣùgbọ́n inú yàrá náà ṣú bí inú ìkòkò. Irun ìyá náà funfun báláú. Ojú rẹ̀ ti fọ́, síbẹ̀ ó kọjú sí Ròkíátù bí ẹni tó ń kàwé. Ròkíátù kúnlẹ̀.

“Má tíì sọ iye owó fún mi,” ìyá náà wí. “Sọ bí o ṣe máa ń wọ ilé ọkùnrin náà.”

“Màmá, mo máa ń kí i. Á fi oríkì kì mí. Á ní kí n jókòó, á fún mi lómi...”

“O sì mu ún?”

“Ṣé èèyàn á kọ omi ni, Màmá? Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ẹ̀kọ́ ilé yẹn náà ló fi so ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Oríkì wo ló fi ń kì ẹ́?”

“Àṣàkẹ́.”

“Ta ló sọ ọ́ fún un?”

Ròkíátù wá ẹni náà lọ́kàn. Ìyá tó bí i ní Ẹdẹ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá náà ti kú. Sàlísù mọ̀ ọ́n, Sàlísù ti kú. Ìyá Toyyibah ni gbogbo Mówè ń pè é.

Ìyá àgbà kò tún béèrè. Ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ́ nǹkan kan jáde nínú aṣọ gbígbó. Àpótí ni, ó kúrú, ó dúdú, ìdí àwọn tó ti jókòó lé e ti jẹ ojú rẹ̀ wọnú bí abọ́.

“Tẹ́tí sí mi. Ọ̀sán gangan ni kí o lọ, kí gbogbo ojú rí ẹ. Gbèsè tí a bá ń sin níkọ̀kọ̀, ìkọ̀kọ̀ náà ló ń kú sí. Má wọlé rẹ̀, má jókòó sórí àga rẹ̀. Iye owó ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ, kó tó kan ‘ẹ kú ilé’. Má bú u, má ṣépè. Ẹni tó bá bú onígbèsè ti fún un ní ohun tí yóò fi bínú, ìbínú yẹn ni yóò sì fi san án. Bó bá ní kí o padà wá lọ́la, bi í pé: ọ̀la wo? Aago mélòó? Ta ló gbọ́? Bó bá mú díẹ̀ wá, gbà á, kí o kọ ìyókù sílẹ̀ níṣojú èèyàn méjì. Láéláé, má tún fi ọjà tuntun lé gbèsè àtijọ́ lórí. Ní ti omi rẹ̀... bí òùngbẹ bá fẹ́ pa ẹ́, jẹ́ kó pa ẹ́.”

Ròkíátù rò ó nínú ara rẹ̀ pé èyí kì í ṣe oògùn, ọgbọ́n ọjà lásán ni. Bí ẹni pé ó sọ ọ́ síta, ohùn ìyá náà yí padà.

“Ó ku ẹyọ kan. Àpótí yìí kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Gbèsè ló mọ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kó má jókòó lé e. Ta lo jẹ?”

“Àlàájì Mùsáfírù ni, Màmá. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni ọjọ́ tiwọn.”

“Èyí tí kò tíì tó ọjọ́, àdéhùn ni, kì í ṣe gbèsè. Ta ló tún kù?”

Ròkíátù wo inú ara rẹ̀ títí. Ibẹ̀ mọ́ roro bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá. “Kò sí, Màmá. Mo fi Kùránì búra.”

Nínú òkùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Hàfísátù mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú àpótí náà. “Ó ti gbọ́,” ló wí.

*

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Ròkíátù fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó tẹ bútà, omi kò jáde. Ó ṣí i wò. Bútà kún dé ẹnu. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò kán tó. Ọwọ́ ló fi bu omi náà níkẹyìn, ó sì kírun pẹ̀lú ẹ̀rù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ó wo Toyyibah tó ká ọwọ́ mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run, bí mo bá ṣìnà, èmi ni kí o bá wí, má wo tiwọn.”

Sàhéèdì ọlọ́kadà ló gbé òun àti àpótí náà. Hàfísátù ti ṣáájú.

“Màmá, kí lẹ di sínú aṣọ yìí?” Sàhéèdì kígbe sínú atẹ́gùn nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìbàfò. “Ọ̀kadà mi ń fà bí ìgbín.”

“Àpótí lásán ni. Wa ọ̀kadà ẹ.”

“Àpótí lásán bí i tí bàbá àgbà kan jókòó lé e! Kí bàbá náà sanwó tiẹ̀ o!”

Ó rẹ́rìn-ín. Ròkíátù kò rẹ́rìn-ín, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Mówè ni ẹnì kan ti ń mí sí i lọ́rùn láti ẹ̀yìn, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

*

Oòrùn ti dúró lórí ilé Adébánjí nígbà tí Ròkíátù gbé àpótí kalẹ̀ síta gbangba, níwájú ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó. Fọ́kánáísà tó wà ní òdìkejì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dirun lábẹ́ igi yíjú wò ó. Hàfísátù dúró sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà,” Ròkíátù wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adébánjí yọ nínú jálábíà funfun, igbá omi lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. “Háà! Nínú oòrùn? Kí ni mo ṣe fún ìyá mi tí wọn ò wọlé?” Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn dídùn kì í:

“Àṣàkẹ́ ọmọ àrán,
Ọmọ alówó-má-fi-ṣakọ.
Adúmáadán tí í tàn bí epo ojúmọ́,
Ẹ̀rín rẹ ni mo rí, ebi ọdún méje kú.
Ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín, ẹ̀rọ̀ ni ti òrí,
Ibi tí o ti ń bọ̀, gbàgbé rẹ̀.
Ibi tí o ń lọ, gbàgbé rẹ̀.
Wọlé wá, Àṣàkẹ́, kí ara ó tù ọ́.”

Orí Ròkíátù wú. Ó dà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló dìde láti Ẹdẹ tó ń pè é wá jẹun. Ó wá iye owó náà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti ń yọ́. Náírà lọ. Ẹgbẹ̀ta lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba etí àpótí mú, igi náà sì jó o lọ́wọ́ bí irin àgbẹ̀dẹ. Iye náà padà pẹ̀lú ìrora.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà!”

“Ẹ mu omi ná.” Ó gbé igbá sún mọ́ ọn. Ròkíátù wo inú omi náà. Ojú Hàfísátù hàn nínú rẹ̀, ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀. Ojú tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà.”

“Ó dáa, ó dáa. Ẹ padà wá lọ́la.”

“Ọ̀la wo? Aago mélòó? Ta ló gbọ́?”

“Àwa gbọ́ o, Ẹnjiníà!” fọ́kánáísà ké láti òdìkejì. “Aago ni wọ́n bi yín, ẹ má wolẹ̀!”

Àwọn onídìrí bú sẹ́rìn-ín. Ojú Adébánjí pọ́n. Ó padà wọlé, ó sì gbá ilẹ̀kùn dé.

Ìgbà yẹn ni Ròkíátù fẹ́ na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọ́.

Òtútù kan bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nínú oòrùn gangan. Ó gun ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé itan. Ó fẹ́ dìde, àpótí fà á padà bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú láṣọ. Adébánjí yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó pàtẹ́wọ́.

“Àpótí yín ti mú yín! Ẹ jókòó dáadáa, Àlàájà, ilé yín ni!”

Òtútù dé ìbàdí. Ó dé ikùn. Èémí rẹ̀ ń kúrú. Ó rí pulọ́ọ̀tì méjì yẹn lójú ìran, ó rí Toyyibah tó ru ẹní lórí tí kò mọ ọ̀nà. “Hàfísátù, gbà mí! Fà mí dìde!”

Hàfísátù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, kò fà á. Omijé ń dà lójú rẹ̀. “Ìyá Toyyibah, ta lẹ jẹ?”

“Mi ò jẹ ẹnì kankan!”

“Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Kí ni mo ń wá?”

“O... o ń wá kí mi ni.”

“Èmi náà ń dógò tì yín ni.” Ohùn rẹ̀ já. “Ọgbọ̀n àpò. Owó omi pípọn tí mo tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ni mo fi san án fún yín, kí n lè rẹ́ yàrá tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń sùn sí. Ẹ ní bí òjò bá dá, kí n wá kó o. Òjò dá, mo wá. Ẹ wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Àfi ìgbà tí ẹ fi Kùránì búra lánàá ni mo mọ̀ pé omi yẹn ti gbé tèmi náà lọ.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Owó mi ń dùn mí, Ìyá Toyyibah.”

Òtútù dé ọ̀fun. Ojú Ròkíátù ń ṣú. Nínú ṣíṣú náà, nǹkan kan já nínú orí rẹ̀ bí eéwo tó bẹ́. Ó rí ọjọ́ òjò kan. Ó rí owó tútù tí wọ́n ká sínú láílọ́ọ̀nù. Ó rí ọwọ́ tó ti le nítorí garawa, tó ń ka owó náà fún un. Ó rí ìka òun fúnra rẹ̀ tó ń kọ ọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì náírà, Hàfísátù.

“Yéè!” ló ké. “Mo jẹ ọ́. Mo jẹ ọ́, Hàfísátù, mo sì ń pè ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́!”

Kò sí owó lára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí etí, ó tú yẹtí góòlù tí Sàlísù fi sí i ní ọjọ́ ìkómọ Toyyibah. Kò tíì bọ́ wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. “Gbà. Ó ju ọgbọ̀n àpò lọ. Fi orí jì mí.”

Hàfísátù gbà á, ó di ọwọ́ mọ́ ọn. “Ó pé,” ló wí. “Ẹ ò jẹ mí mọ́.”

Ooru padà sí ẹsẹ̀ Ròkíátù ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó lè dìde báyìí. Kò dìde. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn Adébánjí, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó dà bí ti ọ̀pọ̀ àgbà tó ti jókòó lé àpótí yẹn rí.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà.”

Nínú ilé, nǹkan kan sán. Omi dúdú ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó pín sí méjì nígbà tó dé iwájú àpótí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìkàn án. Lẹ́yìn náà ni Adébánjí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

“Mo jẹ Adéyanjú kápẹ́ńtà ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún! Mo jẹ Ìyàndá onípákó! Mo jẹ Mubashir ní owó iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣàìsàn nígbà yẹn! Mo jẹ ìyá mi ní aṣọ tí mo ní n ó fi sin ín!” Ó jáde láìwọ bàtà, ó gbá etí mú bí ẹni tí oyin ń ta. “Ẹ jẹ́ kí n gbàgbé! Ẹ fún mi lómi kí n gbàgbé!”

Àpò sìmẹ́ńtì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dà á sílẹ̀ níwájú Ròkíátù. Owó ni. Ròkíátù kò sáré mú un. Fọ́kánáísà àti onídìrí kan ló pè wá, ó kà á níṣojú wọn, ó ní kí wọ́n tún un kà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ó kọ rìsíìtì, ó fún Adébánjí.

“Àmù náà kì í ṣe tèmi o,” Adébánjí ń sunkún. “Wọ́n gbé e fún mi ni. Wọ́n ní kí n fi dá yín dúró títí Jímọ̀ á fi kọjá.”

“Ta ni wọ́n?”

Adébánjí la ẹnu. Ó wá a. Ó lu orí ara rẹ̀. Gbogbo orúkọ ayé ló rántí lọ́jọ́ náà, àfi ẹyọ kan yẹn.

*

Wọn ò tíì pe ìrun Jímọ̀ ní Ìbàfò. Ròkíátù wọ ọ́fíìsì Àlàájì Mùsáfírù, ó gbé owó ka orí tábìlì. Hàfísátù àti Sàhéèdì dúró sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ó ti kọ́ pé èèyàn kì í dá nìkan gba owó, kì í sì í dá nìkan san án. Àlàájì kà á pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí lókè. Fíríìjì ń kùn ní igun. Àwọn alábàárù ń sọ àpò kalẹ̀ níta, gbì, gbì.

“Ó pé,” Àlàájì wí níkẹyìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ gbìyànjú púpọ̀. Mo ti rò pé kò ní í ṣeé ṣe.”

Ó dìde, ó rìn kọjá fíríìjì, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ròkíátù gbọ́ tí ìdérí amọ̀ ró. Nígbà tí ọkùnrin náà padà, ó fi ọwọ́ méjì gbé igbá omi, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọmọlúàbí.

“Ẹ jókòó, kí ara tù yín. Ẹ mu omi ná, Àṣàkẹ́.”

Gbogbo irun ara Ròkíátù dìde. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí. Inú ìwé ilẹ̀ ni, ọwọ́ Sàlísù ló kọ ọ́, oṣù mẹ́fà sì ni ìwé náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ọkùnrin yìí.

Kò jókòó.

“Ìwé ilẹ̀ mi, Àlàájì.”

“Omi ńkọ́?”

“Ìwé ilẹ̀ mi.”

Lẹ́yìn rẹ̀, Hàfísátù sọ ẹrù tó rù kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó sì ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ojú àpótí náà dúdú, ó ń dán. Omi inú igbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń kán sórí aṣọ funfun Àlàájì. Ó wo àpótí. Ó wo obìnrin méjì náà. Níta, àwọn alábàárù ti dákẹ́.

Àlàájì gbé igbá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀.